Kọ́ìn Mẹ́ta Tí Kò Dé

Houston, Texas
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2025

Màámi mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ilé, ẹ kú ooru. Eékún yín ńkọ́? Bùọ̀dá Fúnṣọ́ sọ fún mi pé ẹ ò lo oògùn tí mo fi ránṣẹ́, pé ẹ ní ó korò. Màámi, oògùn ni, kì í ṣe àádùn. Ẹ lò ó. Àwọn ọmọ kí yín. Olúgbénga ọkọ mi kí yín; ó ṣì ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Energy Corridor láràárọ̀, tó bá fi máa bọ́ lórí fríwéè nírọ̀lẹ́, á ti bínú débi pé ẹni tó bá kí i gan-an ti dá ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà lẹ ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ̀kì tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó pásítọ̀ fún odindi wákàtí méjì! Ó dáa, lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ agolo bísíkíìtì Bàbá ni, èyí tí wọ́n ń kó owó ẹyọ Kánádà sí. Nígbà tí a sin wọ́n tán lọ́dún tó kọjá, mo kó o sínú àpótí mi wá síbí. Mo rò pé ìrántí lásán ni. Àṣé iṣẹ́ ńlá ni Bàbá ń ṣe lábẹ́lẹ̀ tí a ò mọ̀! Kọ́tà ni gbogbo rẹ̀, owó sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹyọ kan fún ọdún kan, láti 1970 tí wọ́n dé Winnipeg láti kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀, títí dé 2023 tí wọ́n kú. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n padà wálé ní 1975, wọn ò dá a dúró. Mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn akówójọ kan níbí, àwọn tó ń ṣa kọ́ìn àtijọ́ jọ, a máa ń pàdé nítòsí Greenspoint ní Sátidé kejì oṣù. Àwọn ló là mí lójú. Lọ́dún 1973, orí ayaba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò sára kọ́tà Kánádà, kékeré àti ńlá. Ti kékeré pọ̀ bí ẹrùpẹ̀; ti ńlá ló ṣọ̀wọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní tó yí etí kọ́ìn ká ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: ọgọ́fà ni ti orí kékeré, méjìléláàádóje ni ti orí ńlá. Mo gbé awò lé ti Bàbá, mo kà á títí omi fi ń dà lójú mi. Méjìléláàádóje ni! Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ sáré jáde.

Ṣùgbọ́n ti 1982 ló ń dà mí láàmú. Àgbọ̀nrín wà lẹ́yìn rẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, orúkọ ìlú wà níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ dán pẹlẹbẹ. Kò sí ayaba, kò sí ohunkóhun. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó rọ ọ́ ló ṣàṣìṣe, ọba kọ́ìn nìyẹn. Àwọn àṣìṣe bẹ́ẹ̀ làwọn ń wá kiri. Wọ́n ní kí n wádìí bó ṣe dé ọwọ́ Bàbá.

Ohun kejì. Ìwé kékeré kan wà nínú agolo náà tí wọ́n kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sí láti 1976: “Ó dé.” “Ó dé.” Nígbà tó kan 1983: “Kò dé.” 1984: “Kò dé.” 1985: “Kò dé.” Ààyè mẹ́ta náà ṣófo lóòótọ́. Ní 1986, wọ́n kọ “Ó dé. Olúwa, o ṣé,” wọ́n fa ìlà sí i lábẹ́ títí bébà fi ya. Mo rẹ́rìn-ín! Ẹ wo bí kọ́ìn ṣe lè dùn mọ́ àgbàlagbà.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ wa máa pàtẹ. Mo fẹ́ to gbogbo rẹ̀ síta, kí orúkọ Bàbá wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí: báwo ni ti 1982 ṣe jẹ́, ibo sì ni àwọn mẹ́ta tó kù wà?

Èmi ọmọ yín tó ń retí èsì, tí kò retí nẹ́tíwọ̀kì,
Fúnmiláyọ̀


Ìrágbìjí
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta, 2025

Fúnmiláyọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Òótọ́ ni pé lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Àmọ́ lẹ́tà máa ń ní ọ̀wọ̀, tìrẹ ò ní.

Ta ló fún ọ ní agolo? Mo ní ta ló fún ọ? Oṣù mẹ́tàlá ni mo fi wá a nínú ilé yìí. Mo tú àpótí, mo tú abẹ́ ibùsùn, mo fẹ̀sùn kan àwọn tó wá gbẹ́ sàréè bàbá rẹ nínú ọkàn mi, mi ò sì jẹ́ dáhùn ìkíni wọn dáadáa mọ́. Àṣé ìwọ lo gbé e. Ìyá ẹni wà láàyè, o ń pín ogún! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ?

Orí ńlá, orí kékeré, èwo ló kàn mí níbẹ̀? Obìnrin tó lọ́kọ, tó bí ọmọ mẹ́ta, tó ń ṣiṣẹ́ fámásì, jókòó ti owó, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹni ẹlẹ́ni. Kí ló dé tí o ò ka ìlẹ̀kẹ̀ tèmi, kí o mọ iye tó kù?

Bàbá rẹ kì í ṣe akówójọ. Má gbé orúkọ rẹ̀ síta. Èyí tí kò lójú yẹn, jù ú nù. Àwọn tí kò dé, wọn ò dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Hàlímàt ọmọ Kùdírátù aládùúgbò wa ń bọ̀ láti Houston nígbà Àjíǹde. Fi agolo rán an. Má ṣí i mọ́.

Oògùn rẹ, mo ti ń lò ó. Ó ṣì korò.

Èmi ìyá rẹ, tí kò tíì kú,
Mọ́pẹ́ Ọlọ́runyọmí


Houston, Texas
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin, 2025

Màámi,

Ẹ kú ìbínú o. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín nítorí pé mo mú agolo láìgba àṣẹ. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Hàlímàt ti lọ, mi ò fún un ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òkodoro ọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ ò fẹ́ràn nǹkan tí Bàbá fẹ́ràn rí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Tí wọ́n bá gbé agolo yẹn sórí itan, ẹ ó dìde kúrò ní pálọ̀, ẹ ó lọ máa fọ ìkòkò tó ti mọ́. Wọ́n ti kú báyìí, ẹ ṣì ń bá agolo jà! Kí ni wọ́n fi ṣe yín?

Ẹ gbọ́ èyí. Mo gbé kọ́ìn 1982 lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e sórí ìwọ̀n tí a fi ń wọn oògùn. Ìwọ̀n yẹn kì í parọ́. Ó yẹ kí kọ́tà ayé ìgbà yẹn wọn gíráàmù márùn-ún ó lé díẹ̀. Èyí kò ju mẹ́rin àbọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbàgbé láti tẹ ayaba sí i, ìwúwo rẹ̀ á pé, nítorí irin kò dín. Ti Bàbá dín. Mo wá gbé awò lé e: ojú rẹ̀ kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ kọjú síbì kan náà. Ẹnìkan ló ha ayaba yẹn kúrò. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyẹn, ilé ayé ló bà á jẹ́.

Ta ló wà nílé wa láàárín 1982 sí 1985? Bùọ̀dá Fúnṣọ́ àbúrò yín. Kí ló ń kọ́ nígbà yẹn? Iṣẹ́ wẹ́dà. Kí ni àwọn wẹ́dà fi ń ha irin? Màámi, òun ló fi kọ́ìn Bàbá dánra wò. Nígbà tí ìyẹn sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń gba àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní kí n jù ú nù! Àbúrò yín lẹ ń bò.

Ẹ sọ pé irọ́ ni.

Fúnmiláyọ̀


Houston, Texas
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, 2025

Màámi,

Ó lé lóṣù kan. Ẹ ò kọ̀wé, ẹ ò gbé fóònù. Mo mọ̀ pé ẹ rí lẹ́tà náà nítorí Kùdírátù ló gbà á fún yín, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí.

Àìfèsì náà èsì ni. Lánàá, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, níwájú gbogbo wọn, pé Bùọ̀dá Fúnṣọ́ ni olè tó ba ìṣúra Bàbá jẹ́, pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó kó àwọn mẹ́ta tó kù sí. Ó kọ́kọ́ fi àmì ẹ̀rín ránṣẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í sá.

Fúnmiláyọ̀


Ìrágbìjí
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, 2025

Fúnmiláyọ̀ Àbẹ̀ní,

Ẹnu rẹ gbà á? Ẹnu tí Fúnṣọ́ fi ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu yẹn lo fi pè é ní olè? Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ, ó ní kí n bá òun kà á lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá òun ò rí i dáadáa. Mo kà á. Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan, ó lọ ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín irin. Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé. Mo gbé oúnjẹ lọ, ó ní òun ti jẹun.

Nítorí tirẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Kì í ṣe nítorí tìrẹ. Mi ò fẹ́ kí Kùdírátù ya fọ́tò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo láti fi ránṣẹ́ fúnra mi, pẹ̀lú eékún yìí.

Èmi ni.

Èmi ni mo ha ayaba kúrò. Kò sí ẹ̀rọ wẹ́dà kankan níbẹ̀. Ọlọ ata ìyá mi ni mo fi lọ̀ ọ́, pẹ̀lú yanrìn àti omi, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, lẹ́yìn tí bàbá rẹ bá ti lọ sí ilé-ìwé. Irin Kánádà le. Ìka mi bó. Má bi mí pé kí ni ayaba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Àmọ́ obìnrin òyìnbó ni, òun nìkan sì ni ọwọ́ mi tó.

Èyí tí mo fẹ́ kí ọwọ́ mi tó ń jẹ́ Evelyn. O gbọ́ báyìí.

Èmi ni mo máa ń lọ sí pósọ́fíìsì Ìkìrun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti gba lẹ́tà ilé-ìwé mi àti ti ilé-ìwé bàbá rẹ. Àwọn kọ́ìn ti 1975 sẹ́yìn, òun ló kó wọn bọ̀ fúnra rẹ̀. Láti 1976 tí mo fẹ́ ẹ ni àpòòwé kan ti máa ń wá láti Winnipeg lọ́dọọdún. Mo rò pé àwọn tí wọ́n jọ kàwé ni. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e lé e lọ́wọ́, màá tún ní, “Àwọn ènìyàn rẹ kí ọ o.” Ní 1982, òjò pa mí lọ́nà, àpòòwé náà tú. Kọ́ìn kan wà níbẹ̀ àti bébà kékeré. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò kúrò lórí mi títí dòní: “Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa, kọ́ìn tuntun kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wa bá wà láàyè. Tọ́mi pé ọmọ ọdún méje. Evelyn.”

Olúwatọ́mi. Ó sọ ọ́ lórúkọ. O rántí pé nígbà tí mo bí ọ, mo ní kí a sọ ọ́ ní Olúwatọ́mi, ó ní orúkọ yẹn ò wu òun? O ò lè rántí, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ́. Èmi rántí.

Mo lọ kọ́ìn yẹn tán, mo fi sínú agolo, mo jókòó, mo dúró de ìjà. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Bàbá rẹ ṣí agolo, ó mú un, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wò mí. Ó dá a padà, ó kọ “Ó dé” sínú ìwé rẹ̀, ó jẹ iṣu rẹ̀, ó sùn. Kò bi mí léèrè. Kò bẹ̀ mí. Àìbéèrè yẹn bí mi nínú ju ọmọ náà lọ. Mo ní kò burú, màá wá ohun tí á béèrè.

Ní 1983, mo ju àpòòwé náà sínú iná ìdáná. 1984, mo jù ú síbẹ̀. 1985 náà. Bébà máa ń jó. Kọ́ìn kì í jó.

Ó sì béèrè o. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. “Mọ́pẹ́, ṣé kò sí nǹkan láti Kánádà?” Màá ní kò sí. Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin sí Evelyn láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ó fi orúkọ olùkọ́ rẹ̀ kan bò ó lójú àpòòwé, ó fún mi kí n bá òun fi sí póòsù. Mi ò fi sí póòsù. Ní ọdún kejì, kò gé irùngbọ̀n mọ́. Ní ọdún kẹta, kò jáde nínú yàrá. Bàbá rẹ ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè, èmi ń se ọbẹ̀ fún un. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìdáná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kó jẹ̀yà. Nígbà tí ìyà náà wá pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ lọ, ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí mo bá fún un ní ọ̀kan, á mọ ẹni tó mú èyí tó ṣáájú. Bí mo ṣe bọ́ sínú rẹ̀ nìyẹn tí mi ò lè jáde.

Ti 1986, ọwọ́ ni wọ́n fi mú un wá. Ẹnìkan tí wọ́n jọ wà ní Winnipeg ló ń kọjá lọ sí Ìlá, ó yà sọ́dọ̀ wa. Bàbá rẹ gba kọ́ìn náà, ó na gbalaja sórí símẹ́ńtì lójú àlejò, ó sunkún. Ó ní inú ló ń run òun. Mo gbé omi gbígbóná wá fún un.

Láti ìgbà yẹn, kò rán mi sí pósọ́fíìsì mọ́. Kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Ogójì ọdún ó dín díẹ̀, a jọ ń sùn, a jọ ń jí.

Kọ́ìn mẹ́ta náà ni mo dì sínú aṣọ yìí. Inú agolo abẹ́rẹ́ mi ni wọ́n ti wà látìgbà yẹn.

Ó ku nǹkan kan. Àpòòwé méjì ti dé láti ìgbà tí ó ti kú, ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Orí ọba ọkùnrin ló wà lára wọn báyìí. Evelyn kọ́ ló ń kọ ojú àpòòwé mọ́, Tọ́mi fúnra rẹ̀ ni. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ń fi kọ́ìn ránṣẹ́ sí òkú. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nìyí lẹ́yìn bébà yìí. Ìwọ kọ̀wé sí i. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Sọ fún un pé bàbá ti kú. Má dárúkọ mi níbẹ̀.

Kí o tó ṣe ìyẹn, bẹ Fúnṣọ́.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀,
Mọ́pẹ́


Houston, Texas
Ọjọ́ ogún oṣù Keje, 2025

Màámi,

Mo ti kọ lẹ́tà yìí ya lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ má retí ìkíni.

Mo ti bẹ Bùọ̀dá Fúnṣọ́. Mo dojúbolẹ̀ níwájú fóònù kí wọ́n lè rí mi. Wọ́n ní, “Fúnmi, dìde, ilẹ̀ yẹn tutù.” Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo tún kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé irọ́ ni mo pa. Wọ́n ń bi mí pé ta wá ni. Mi ò tíì dáhùn. Ẹ dáhùn fúnra yín.

Ọmọ ọdún méje ni mí ní 1985. Èmi ni ẹ ń fún ní àwo kí n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá. Mo ní kí ló ń ṣe wọ́n, ẹ ní ìfúnpá ni, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ru. Mo gbà yín gbọ́! Alaalẹ́ ni mò ń gbàdúrà fún ẹ̀jẹ̀ Bàbá. Mo lọ kọ́ nípa oògùn nítorí àìsàn yẹn. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ka oògùn ìfúnpá sínú ìgò fún àwọn bàbá oníbàbá ní ìlú yìí, tí mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé bàbá mi ló jẹ́ kí n yan iṣẹ́ yìí. Kò sí ìfúnpá kankan. Ẹ̀yin ni.

Ẹ má rò pé mo dá Bàbá láre. Inú wọn ló ń bí mi jù lówùúrọ̀, inú yín ló ń bí mi jù nírọ̀lẹ́. Irú bàbá wo ló ń sọ ọmọ rẹ̀ di kọ́ìn kan lọ́dún? Wọn ò gba fọ́tò, wọn ò gba ohùn, kìkì kí kọ́ìn ṣáà dé, kí wọ́n kọ “Ó dé,” kí wọ́n lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa àgbàdo. Èmi wá gbé e fún gbogbo Greenspoint wò pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, wọ́n ní ẹ̀rín là ń fi í rín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò wá. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò pàtẹ nǹkan kan mọ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti ń jẹ́ àkọ́bí, mo ń ru ẹrù àkọ́bí, ẹ ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà pé èmi ni àgbà, kí n mú un mọ́ra. Èmi kọ́ ni àgbà!

Ẹ ní kí n kọ̀wé sí i. Mi ò kọ. Kí ni kí n kọ? Pé mo gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan tí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun? Rárá o. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ní ọwọ́ yín, pẹ̀lú orúkọ yín lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ pé Gẹ̀ẹ́sì yín ò tó. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níbí, èmi á fi ránṣẹ́ sí Winnipeg. Èmi, tí wọ́n bá fún mi ní lẹ́tà láti fi sí póòsù, mo máa ń fi í sí póòsù.

Fúnmiláyọ̀


Ìrágbìjí
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹjọ, 2025

Fúnmiláyọ̀,

Mo ka tìrẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo ti pa á mọ́, mi ò ní kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ bá ìyá sọ wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ni òótọ́. Má rò pé nítorí ó jẹ́ òótọ́, inú ò bí mi.

Fúnṣọ́ ti padà sílé. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀. Ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó wá rọ̀. Àwọn ará WhatsApp rẹ, mo ti sọ fún wọn náà. Ìyàwó pásítọ̀ kò tíì pè mí láti ìgbà náà.

Lẹ́tà náà wà nínú èyí, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ìwé méjì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. O ní kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ ọdún mẹ́ta yẹn fún un, àti lẹ́tà mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ kọ tí kò rí gbà, nítorí mo rò ó pé òun náà á ti jókòó ní Kánádà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, á máa bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tó dá a lóhùn. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Tó bá fẹ́ ṣépè, kó ṣé e, mo ti kọ orúkọ mi ní kíkún kó lè rí i pè.

Mi ò lẹ ẹnu àpòòwé pa. Kà á bí o bá fẹ́, àmọ́ má tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, kódà bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá wọ́.

Fi í sí póòsù lónìí, lọ́jọ́ tó bá dé ọwọ́ rẹ gan-an. Tó bá di ọ̀la, mo lè pè ọ́ pé kí o dá a dúró.

Mọ́pẹ́ Àjọkẹ́ Ọlọ́runyọmí